Ẹrù Tí Kò Ní Ìṣáná

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Oyíndà Akíntọ́lá ṣe ní New York láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú fúnra rẹ̀, títí di ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láró. Bí ẹ bá ra ètò tuntun fún kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó kọ́kọ́ tẹ ohun kan, á ní kí ẹ ní sùúrù, ilà kan á máa kún díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á ní òun ti parí. Ìnsítọ́là ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn. Ṣé ẹ rò pé ó ṣe ara rẹ̀ ni? Èèyàn ló jókòó dì í, bí a ṣe ń di ẹrù ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ètò kan kì í dá rìn. Àwọn ètò kéékèèké mìíràn gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí òun tó lè mí, bí ọ̀kan bá sì dín nínú wọn, ó tán, kò ní ṣí. Oyíndà ló ń mọ gbogbo wọn, òun ló ń kó wọn mọ́ ètò náà sínú ẹrù kan ṣoṣo, tó ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe máa wọlé, ẹ̀gbọ́n ṣáájú àbúrò.

Kì í ṣe pé wọ́n dìídì yàn án fún un. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Highbridge ló ń gbé, lórí òkè Bronx níbi tí èèyàn ti ń gun àtẹ̀gùn títí orúnkún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Àwọn arúgbó ló ń lọ tọ́jú nílé wọn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á lọ kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Brooklyn tó ń ṣe ètò fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wá gbà á, ìnsítọ́là ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é. Ohun tí ojú ń rí ni àwọn tó kù fẹ́ máa ṣe. Oyíndà wo iṣẹ́ náà títí, ẹ̀rín pa á. Ó ní ohun tí ìyá òun fi gba orúkọ ní Òkè-Ihò nìyí, òun rèé tí wọ́n ń sanwó fún un ní Brooklyn.

Àrìnpé ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Búrẹ́dì ló ń yan, àmọ́ bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí ìrìn àjò ládùúgbò, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá bá wọn di ẹrù. Á jókòó ti àpótí náà, á di ojú, á máa bá ọmọ náà rìn lọ́kàn. Ó jí, kí ló máa fi fọ eyín? Bọ́tìnnì já, kí ló máa fi rán an? Inú ń run ún, kí ló máa lò? Gbogbo ohun tó bá bá pàdé lójú ọ̀nà yẹn ló máa wọnú àpótí. Ó ní ọmọ tó bá ń tọrọ nǹkan káàkiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìgbà tó wá kan ọmọ tirẹ̀, tí Oyíndà ń lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Ṣakí, ẹrù náà kọjá àfẹnusọ. Àtùpà wà níbẹ̀. Kẹrosíìnì wà nínú gálọ́ọ̀nù kékeré. Òwú àtùpà wà, gíláàsì àtùpà mìíràn tún wà tó fi aṣọ wé, bóyá ti àkọ́kọ́ á fọ́. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n ní kí oníkálukú tan àtùpà rẹ̀ kó jókòó kàwé, Oyíndà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí, ó tú u kan ìsàlẹ̀. Kò sí ìṣáná. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un gbọ̀n. Ọwọ́ ọmọ kíláàsì òkè kan ló ti lọ tọrọ ẹyọ kan, ojú rẹ̀ sì rí màbo, torí gbogbo sáà yẹn ló fi pọnmi fún un.

Nígbà tó délé, ó rojọ́ náà. Ààrò búrẹ́dì ni ìyá rẹ̀ yíjú sí. Iná inú ààrò yẹn kì í kú, tòru tọ̀sán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń wá gba ẹyin iná láàárọ̀. Àtìgbà tí Àrìnpé ti wọlé ọkọ, kò ra ìṣáná rí. Báwo ló ṣe fẹ́ rántí rẹ̀?

"Ohun tí kì í tán nílé ẹni," ó wí níkẹyìn, "ojú ẹni kì í rí i."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá náà dé egungun. Láti ọjọ́ náà, ìṣáná ló kọ́kọ́ ń wọnú ẹrù èyíkéyìí tí Àrìnpé bá dì. Nígbà tí Oyíndà ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, inú ìdì gèlè ló ti bá ìṣáná. Ẹ má bi mí bó ṣe kọjá lójú àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ilé lẹ́yìn ìgbà náà ló ń rù ú bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti èlùbọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé fún màmá yẹn kó yé e pé iná gáàsì New York ń tan ara rẹ̀. Oyíndà máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Àrìnpé wá papò dà, tí ẹ̀rín náà tán, páálí ìṣáná kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Oyíndà gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣá a, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣá a. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló wà fún, á ní ọ̀gá òun nìyẹn.

Kò parọ́. Ohun tí ìṣáná yẹn kọ́ ọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà nílé iṣẹ́ tí Oyíndà kì í jẹ́ kí nǹkan kan gbé inú rẹ̀, òfìfo gbáà. Orí rẹ̀ ló ti ń dán gbogbo ẹrù wò, torí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ètò kò ṣeé gbára lé, iná tiẹ̀ kì í kú. Kì í sì í di ẹrù ìdajì. Àwọn mìíràn máa ń di èyí tó fúyẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dé inú kọ̀ǹpútà oníbàárà ni yóò máa lọ wá ohun tó kù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Michael, ọ̀gá wọn, á máa ráhùn pé ti Oyíndà ti wúwo jù. Oyíndà á ní bí ibi tó fẹ́ lọ wá a kò bá sí mọ́ ńkọ́? Michael á mi orí, á fi í sílẹ̀.

Norberto nìkan ni kì í ráhùn. Ó kàn ń wo páálí ìṣáná náà, á na ìka sí i, á ní "ina". Oyíndà á ní bẹ́ẹ̀ ni, iná.

Ọmọ Cuba ni Norberto, òun ló ń kọ ètò tí Oyíndà ń dì, ojúkojú ni wọ́n sì jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílé tiwọn, òrìṣà ni wọ́n ń sìn, ìyá rẹ̀ Petra sì ni àgbà ilé. Oyíndà ń bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan ni Norberto yí àga rẹ̀ padà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ orin ilé àwọn lòun gbọ́ yẹn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á ní "omi", Oyíndà á ní omi. Á ní "ile", Oyíndà á ní ilé. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gòkè kò sọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ni. Ọmọ Áńgílíkà ni Oyíndà, ó kọ́kọ́ ń ṣọ́ra, ó ń rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ á di ti ìpàdé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Petra fi oúnjẹ rán ọmọ rẹ̀ sí i. Oyíndà ṣí abọ́, àkàrà ló wà níbẹ̀. Ó bi Norberto pé kí ni wọ́n ń pè é, Norberto ní àkàrà ni, kí ni wọn ì bá tún máa pè é? Láti ọjọ́ náà ni ìṣọ́ra ti tán.

Áà, ayé ìgbà yẹn dùn. Tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n á jọ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ padà sí Highbridge níbi tí àwọn méjèèjì ń gbé, wọ́n á jọ gun àtẹ̀gùn, Norberto á máa mí fìn-ìn fìn-ìn nítorí sìgá ńláńlá tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, Oyíndà á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà mìíràn á yà lọ́dọ̀ Petra. Petra á máa kọrin níbi tó ti ń gún ẹ̀wà, Oyíndà á sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbí, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Orin wọ̀nyẹn, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ni Petra ti kọ́ wọn, kò sì sẹ́lòmíràn nínú ilé náà tó mọ gbogbo wọn. Norberto bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Petra gbà, àmọ́ ó ní tilé ni orin náà, kò gbọdọ̀ bọ́ sí ìta. Ni Norberto bá kọ ètò kan, ó ti àwọn orin náà mọ́ inú rẹ̀, kò sí ohun mìíràn láyé yìí tó lè kọ wọ́n jáde àfi ètò yẹn. Oyíndà jókòó tì í, wọ́n jọ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó dá mọ̀ nínú orin náà sílẹ̀, pẹ̀lú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé. Inú Norberto dùn débi pé ó pàṣẹ fún ètò náà pé bí kò bá ti lè fi àmì náà hàn dáadáa, kó má ṣí rárá. Alágídí ni. Ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni Oyíndà bá a di gbogbo rẹ̀ sórí síídì, nínú pálọ̀ wọn, tí Petra ń gbé àkàrà gbígbóná wá léraléra, tí ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ ti lọ. Petra ti kú. Oyíndà ra ilé sí Cambria Heights, ó kó kúrò lórí òkè. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ò fẹ́ ìnsítọ́là mọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo nǹkan wà báyìí, kò sẹ́ni tó ń di ẹrù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún Oyíndà ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láti ilé, ó ń ṣe é, kò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni Norberto náà kú. Oyíndà sunkún débi pé àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú kan ni Isabel, ọmọ Norberto, kan ilẹ̀kùn. Ìrántí ọdún kan bàbá rẹ̀ ni Sátidé tó ń bọ̀, nínú ilé wọn, ohùn Petra ló sì yẹ kó ṣí i. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí ètò náà wà lórí rẹ̀ ti kú, ó kú pátápátá. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan wá, pẹ̀lú síídì náà.

Oyíndà fọwọ́ sọ̀yà. Ó so ẹ̀rọ síídì mọ́ ọn, ó tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ilà náà ń kún. Gbogbo ohun tí ètò náà nílò ló ń jáde wá láti inú ẹrù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tò wọ́n láti ogún ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di ahoro. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó tún fẹ́ kí Michael wà níbẹ̀ kó rí i. Ìnsítọ́là ní òun ti parí. Wọ́n ṣí ètò náà. Ó yọ fìrí, ó pa dé.

Wọ́n tún un ṣí. Ó tún pa dé. Oyíndà yọ ọ́ kúrò, ó dá a padà, ó yí ibí, ó yí ọ̀hún, ọ̀sán pọ́n, oòrùn yí, pàbó ló ń já sí. Isabel ká ọwọ́ sórí ẹsẹ̀.

"Tía Oyinda," ó wí nígbà tó yá, bí àwọn ọmọ Cuba ṣe ń pe àǹtí, "ohùn màmá àgbà ò sí níbòmíràn."

Oyíndà ní kó fi í sílẹ̀, òun á wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ìtìjú bò ó. Òun tó ń pariwo kiri pé ẹrù òun kì í dín! Ó jókòó, ó káwọ́ lérí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí páálí ìṣáná tó ti gbé wálé láti Brooklyn.

Ohun tí kì í tán nílé ẹni. Kí ni kì í tán nílé òun nígbà yẹn? Ó di ojú, ó ṣe bí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ìgbà náà láti àárọ̀. Kí ló ń fi í ṣe? Iṣẹ́. Lẹ́tà sílé. Ìwé ìsìn ọjọ́ Sunday fún ṣọ́ọ̀ṣì, lédè Yorùbá. Ó lajú. Fọ́ǹtì ni, àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé! Láyé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ àti ọ alámì. Ẹnì kan ló mú fọ́ǹtì tó ní wọn wá láti Ìbàdàn, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń lò. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà Oyíndà, òun náà ló fi í sí ti Norberto kí wọ́n lè jọ máa kọ ọ̀rọ̀ orin. Ètò náà ń rí i nílé méjèèjì, kò fi àìní kankan sùn. Kọ̀ǹpútà òfìfo ì bá ti tú àṣírí, àmọ́ Sátidé ni, nílé ọ̀rẹ́ ni, àkàrà ń gbóná, kò dán an wò. Bí ìyá ṣe ṣe, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ sí i.

Ó wá fọ́ǹtì náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ àtijọ́, ó ti gbé e sójú títì nígbà tó ń kó kúrò ní Highbridge. Gbogbo ayé ti bọ́ sí fọ́ǹtì tuntun, wọn ò sì fi ti àtijọ́ pa mọ́. Ta ni iná rẹ̀ kò tíì kú?

Bàbá Olúṣèyí, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Springfield Gardens! Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń kùn bí ẹ̀rọ ata ni bàbá náà ṣì fi ń tẹ ìwé ìsìn. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló ti bá a jà pé kó gbé e jù nù, Oyíndà sì wà lára àwọn tó nawọ́. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kejì tó kúnlẹ̀ tó sọ ohun tó bá wá, bàbá kò gbójú sókè. Ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá lórí ilé, ó dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e sí títì?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iná ilé mi ló kú, ẹyin iná ni mo wá gbà."

Bàbá Olúṣèyí wò ó. Ilé tí wọ́n ti ń gba ẹyin iná ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà, kò sì sẹ́ni tó ń fi irú rẹ̀ du aládùúgbò, bó ti wù kí ìjà wà nílẹ̀ tó. Ó dìde, ó gba fláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó da fọ́ǹtì náà sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, ètò náà ti ń ṣí wọ̀ọ̀. Oyíndà tún gbogbo ẹrù náà dì látòkèdélẹ̀, fọ́ǹtì wà níbẹ̀, ó sì yá kọ̀ǹpútà òfìfo kan kó fi dán an wò. Kò tẹ orin kankan. Ó ní ojú àwọn ọmọ Petra ló yẹ kó ti kọ́kọ́ dún. Ó mú páálí ìṣáná sínú báàgì, kó lè fi í ṣàlàyé fún Isabel ohun tó fa gbogbo wàhálà náà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn Highbridge lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun ló ń mí fìn-ìn fìn-ìn lọ́tẹ̀ yìí. Kò rí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn ún.

Pálọ̀ náà kò yí padà. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, àwòrán Petra wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Norberto, ife omi, òdòdó, kọfí tí Norberto fẹ́ràn, sìgá rẹ̀ kan, àti àbẹ́là funfun láàárín. Ẹbí jókòó yí i ká. Isabel gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó ní àbẹ́là ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn kí orin tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ó na ọwọ́. Ó dúró.

Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wọ ilé ìdáná lọ, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń dáná báyìí. Ó bi ará ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń mu sìgá nínú wọn. Gbogbo nǹkan ló rántí rà. Ó padà wá dúró níwájú àwòrán bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ikú.

"Papi ló máa ń ní iná," ó wí. "Kò sígbà kan tí iná kì í sí lápò rẹ̀."

Oyíndà ṣí báàgì. Igi ìṣáná àkọ́kọ́ kán, orí èkejì yọ jábọ́. Ó ṣá ẹ̀kẹta, ó tàn. Ó gbé e dé ẹnu àbẹ́là, Isabel sì ń wò ó tẹkúntẹkún, ó ní níbo ni Tía ti rí ìṣáná ní irú ayé yìí.

"Ìyá mi ló dì í sínú ẹrù mi," ni Oyíndà wí, ó sì tẹ orin náà, Petra bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.